Ẹ Má Bi Mí Mọ́ Pé Ta Ló Ṣe Kọnsatínà Yìí

Ẹ gbà mí o, ẹ̀yin ènìyàn mi. Láti ìgbà tí mo ti gbé kọnsatínà bàbá bàbá mi jáde láti ìdí àpótí, n kò rójú, n kò ráyè mọ́ ní Àgbájà, ìlú wa lórí òkè. Bí mo bá jókòó síta ní ìrọ̀lẹ́, ẹni tó ń ti oko bọ̀ á dúró, á sọ àdá rẹ̀ kalẹ̀, á ní, "Ṣé ẹ ti wá mọ ẹni tó ṣe é?" Bí mo bá sọ̀ kalẹ̀ lọ ra símẹ́ǹtì ní Lọ́kọ́ja, ẹni tó ń ta símẹ́ǹtì á ní òun gbọ́ pé mo ní ohun kan nílé tó tó owó mọ́tò. Kódà níbi ìsìnkú, ẹnì kan fà mí láṣọ, ó ń sọ ọ́ sí mi létí pé níbo gan-an ni wọ́n ti ṣe é. Òkú ń lọ sílé, kò sí ẹni tó béèrè ibi tí ó ń lọ. Kọnsatínà tó jókòó jẹ́ẹ́ sínú yàrá mi ni wọ́n fẹ́ mọ ibi tó ti wá.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí nǹkan náà jẹ́, kí ẹni tí kò tíì rí i má baà rò pé wúrà ni mo fi pamọ́. Àpótí orin kékeré ni, àtẹ́lẹwọ́ méjèèjì tó láti gbé e. Igun mẹ́fà ló ní. Igi ló wà ní orí rẹ̀ méjèèjì, igi pupa rúsúrúsú tí wọ́n fi ayùn tẹ́ẹ́rẹ́ gé ihò ọ̀nà sí lára. Bí oòrùn bá kọjá níbẹ̀, ẹ ó rí ewé àti ìtàkùn. Bọ́tìnnì egungun 10 wà ní apá ọ̀tún, 10 wà ní apá òsì. Awọ tí wọ́n ṣẹ́ léra wọn ló so orí méjèèjì pọ̀, ó ń fẹ̀, ó ń súnkì, bí ẹwìrì alágbẹ̀dẹ. Ẹ fà á, ó ké. Ẹ tẹ̀ ẹ́ padà, ó tún ké, ṣùgbọ́n igbe tó ké nígbà tí ẹ fà á kọ́ ló ń ké nígbà tí ẹ tẹ̀ ẹ́. Bọ́tìnnì kan ṣoṣo, ohùn méjì. Ìyàwó mi ní òun mọ àwọn ènìyàn bẹ́ẹ̀ nínú ẹbí mi.

Nínú ẹbí náà sì ni wàhálà ti bẹ̀rẹ̀. Kò sí ẹni tó mọ ọdún tí àpótí yìí wọlé, ṣùgbọ́n kò sí ẹni tí kò mọ ẹni tó gbé e wá. Àbúrò bàbá mi obìnrin, ìyá arúgbó tí gbogbo wa ń bẹ̀rù, búra pé Bíṣọ́ọ̀bù Samuel Àjàyí Crowther ló fi lé ìdílé wa lọ́wọ́. Òótọ́ ni pé Crowther gba odò wá sí agbègbè wa. Ní 1857 ó bá ọkọ̀ Dayspring wá, ó sì dá ibùdó ìjọ sílẹ̀ ní Gbebe, ní òdìkejì odò níbi tí Ọya àti Bẹ́núè ti pàdé. Ṣùgbọ́n ọkùnrin tó ń kọ ìwé gírámà, tó ń túmọ̀ Bíbélì, tó tún ń bá àwọn ọba etí odò sọ̀rọ̀ òwò àti ọ̀rọ̀ ẹrú, ìgbà wo ló ráyè gun òkè Àgbájà láti wá fi àpótí orin ta ìdílé kan lọ́rẹ? Mo béèrè bẹ́ẹ̀ o. Ìyá wò mí lókè wò mí nílẹ̀, wọ́n ní Ọlọ́run kò ní jẹ́ kí n kú ní kèfèrí.

Ẹ̀gbọ́n bàbá mi ọkùnrin kò gbà fún Ìyá. Lugard ni tiwọn. Wọ́n ní ní ọjọ́ kìn-ín-ní oṣù January 1900, nígbà tí Lugard ní kí wọ́n sọ àsíá Royal Niger Company kalẹ̀ ní Lọ́kọ́ja, kí wọ́n fa àsíá ìjọba Gẹ̀ẹ́sì sókè, ariwo pọ̀, fèrè ń dún, sójà kan sì ju kọnsatínà rẹ̀ sílẹ̀ kó lè na ọwọ́ kí àsíá. Bàbá wa tó wà nítòsí bá gbé e. Mo ní, "Bàbá, ta ló sọ èyí fún yín?" Wọ́n ní kò sí ẹni tó sọ fún àwọn, àwọn ni àwọn ń sọ fún mi.

Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi tó ń kọrin ní ṣọ́ọ̀ṣì ní irọ́ ni gbogbo rẹ̀, I.K. Dairo ló ni ín. Èmi tí mo ti ń gbọ́ I.K. Dairo kí wọ́n tó bí ọmọ yìí! Mo là á yé e pé àkọ́díọ̀nù ni ọmọ Ìjẹ̀bú-Jẹ̀ṣà yẹn gbé kọ́rùn tó fi sọ jùjú di ọ̀tun, òun ló ń fà títí ìjọba Gẹ̀ẹ́sì fi fún un ní oyè MBE ní 1963. Àkọ́díọ̀nù ní bẹ́líìtì èjìká. Kọnsatínà, àárín ọwọ́ méjì ni gbogbo ayé rẹ̀ wà. Ọmọ náà fèsì pé, "Dádì, ṣé ẹ wà níbẹ̀ ni?"

Ìyàwó pásítọ̀ kan ló wá mú èyí tó jọ òye wá. Ó ní Ẹgbẹ́ Ọmọ-ogun Ìgbàlà ló ni irú rẹ̀. Mo ní ẹ ṣeun, nítorí àwọn yẹn dé Èkó ní 1920, ní gbogbo ibi tí wọ́n bá sì dé láyé, kọnsatínà wà lára ohun tí wọ́n fi ń kó èrò jọ ní oríta kí wàásù tó bẹ̀rẹ̀. Mo wá bi í pé báwo ló ṣe wá ti Èkó dé orí òkè wa. Ó ní Ẹ̀mí ló gbé e.

Ohun tí èmi mọ̀ kò ju pé bàbá bàbá mi ṣiṣẹ́ ẹrù jíjá ní etí odò ní Lọ́kọ́ja, nígbà tí ọkọ̀ òwò Òyìnbó ń gòkè odò, tó tún ń sọ̀ kalẹ̀. Àwọn atukọ̀ sì ni àwọn tó gbé irú àpótí yìí kiri etíkun ilẹ̀ wa, nítorí kò gba àyè nínú ọkọ̀, ariwo rẹ̀ sì ju ara rẹ̀ lọ. Bóyá ó rà á, bóyá wọ́n fi san gbèsè fún un, bóyá wọ́n ta ayò ó sì jẹ wọ́n. Mo sọ èyí nípàdé ẹbí, gbogbo wọn kọjú sí mi, wọ́n ní mo ń ba orúkọ ilé jẹ́. Bàbá wa kò ta ayò rí! Ẹni tí wọ́n ní sójà Lugard ju nǹkan sílẹ̀ tó sì he é láì dá a padà, ìyẹn kò ba orúkọ ilé jẹ́.

Mo ní kí n lọ bá àwọn tó mọ̀ nípa nǹkan. Ẹni tó ń tún rédíò ṣe ní Lọ́kọ́ja gbọ̀n ọ́n wò, ó gbé e sí etí, ó ní bátìrì ló kú. Ẹlòmíràn ní kí n lọ ka orúkọ tó wà lára sàréè àwọn Òyìnbó àtijọ́ tó wà nílùú, bóyá ẹni tó ni ín wà níbẹ̀. Kí n wá bá a sọ kí ni? Ẹnì kan tó ń ra ohun àtijọ́ wá láti ìlú ńlá. Ó fi ojú tó ń wá ẹ̀dínwó yí i po, ó ní òun á sanwó gidi, àmọ́ kí n kọ́kọ́ mú ìwé ìbí rẹ̀ wá. Ìwé ìbí! Èmi tí ìyá bí, kóòtù ni mo lọ tí mo ti búra fún ọjọ́ orí ara mi, ẹni tó sì bá mi búra, mo jù ú lọ. Kọnsatínà wá ni yóò ní ìwé ìbí?

Nígbà tí wọ́n fẹ́ fi ìbéèrè pa mí, mo kọjú sí ìwé, mo kọjú sí íntánẹ́ẹ̀tì, dátà tó yẹ kí n fi pe ọmọ mi lọ síbẹ̀ tán. Ẹ wá gbọ́ ìran ohun tí ẹ ń béèrè. Ní 1829, onímọ̀ sáyẹ́ǹsì kan ní London, Charles Wheatstone, gba ìwé àṣẹ ìjọba lórí ohun èlò orin kékeré kan tí ahọ́n irin ń gbọ̀n nínú rẹ̀, ibẹ̀ ló sì ti tẹ̀síwájú dé kọnsatínà. Ó tún gba ìwé àṣẹ mìíràn lórí rẹ̀ ní 1844. Wheatstone yìí náà àti ẹlẹgbẹ́ rẹ̀, Cooke, ni wọ́n gbé ẹ̀rọ tẹligíráàmù jáde ní 1837. Ọkùnrin kan ṣoṣo, ó kọ́ wáyà láti sọ̀rọ̀, ó kọ́ awọ láti kọrin. Ní Chemnitz, ní ilẹ̀ Jámánì, Carl Friedrich Uhlig náà ṣe tirẹ̀ ní 1834. Ti Wheatstone, ẹ fà á o, ẹ tẹ̀ ẹ́ o, ohùn kan náà ni bọ́tìnnì kan ń mú jáde. Ti ará Jámánì ló ní ohùn méjì. Nígbà tó yá, àwọn oníṣẹ́ ọwọ́ London mú ètò ohùn ti Jámánì, wọ́n fi ọwọ́ ti London kàn án, wọ́n ń pè é ní Anglo. Ìran yẹn ni tèmi. Kí n tó dé ọ̀dọ̀ ẹni tó ṣe é, ó ti ní ẹbí ní London, ó ti ní àna ní Jámánì.

Ẹni tó bá tún fẹ́ lọ síwájú, ahọ́n tẹ́ẹ́rẹ́ tó ń gbọ̀n nínú afẹ́fẹ́ bẹ́ẹ̀, àwọn ará Ṣáínà ti ń lò ó nínú fèrè wọn kan tó ń jẹ́ sheng ní ẹgbẹẹgbẹ̀rún ọdún kí wọ́n tó bí Wheatstone. Èyí n kò jẹ́ sọ fún ẹ̀gbọ́n bàbá mi. Lugard ṣe gómìnà Hong Kong láti 1907 dé 1912. Bí wọ́n bá gbọ́ ọ, ẹjọ́ ti parí nìyẹn, sójà kan ló gbé e ti Ṣáínà bọ̀.

Mo tú kọnsatínà náà. Ìyàwó mi ní bí n kò bá lè tò ó padà, kí n má wá òun. Nọ́ọ̀tì tẹ́ẹ́rẹ́ mẹ́fà ló di orí kọ̀ọ̀kan mú. Ẹ ṣí i, ẹ ó rí pátákó kan tí wọ́n gé yàrá kéékèèké sí lára yípo, yàrá kọ̀ọ̀kan gùn gẹ́gẹ́ bí ohùn inú rẹ̀ ṣe nípọn tó. Nínú yàrá kọ̀ọ̀kan ni férémù idẹ kékeré wà, lórí idẹ ni ahọ́n irin wà, ó tẹ́ẹ́rẹ́ débi pé èémí ẹnu ènìyàn tó láti gbọ̀n ọ́n. Bọ́tìnnì 20, ahọ́n 40: ìdajì ń ṣiṣẹ́ nígbà tí ẹ bá fà á, ìdajì nígbà tí ẹ bá tẹ̀ ẹ́, awọ pẹlẹbẹ kan sì ń sé ẹnu èyí tí àsìkò rẹ̀ kò tíì tó. Ẹni tó bá fẹ́ kí ohùn kan gòkè, á fi fáìlì họ ṣóńṣó ahọ́n rẹ̀. Ẹni tó bá fẹ́ kó wálẹ̀, á họ ìdí rẹ̀. Díẹ̀ báyìí ni o. Họ ọ́ kọjá ààlà, o ti ba ohùn jẹ́. Ẹni tó jókòó ṣe èyí ní ìgbà 40 fún àpótí kan ṣoṣo, ẹ jẹ́ ká fi ọ̀wọ̀ wọ̀ ọ́.

Wọ́n tẹ nọ́ńbà kan mọ́ ara igi nínú. Nọ́ńbà kan náà ló wà lára pátákó ọ̀tún, pátákó òsì àti orí méjèèjì, kí àwọn tó ń ṣiṣẹ́ má baà gbé orí àpótí kan lé ọrùn òmíràn. Ihò rọ̀bọ̀tọ̀ kan wà ní orí ọ̀tún, nọ́ńbà yẹn ló tún yọjú níbẹ̀. Ihò kejì wà ní orí òsì, abẹ́ rẹ̀ ni wọ́n máa ń lẹ bébà orúkọ ẹni tó ṣe é mọ́. Ẹ̀yin ènìyàn mi, ikán ti jẹ ẹ́. Ikán ilẹ̀ wa yìí! Odindi igi wà níbẹ̀, wọn kò jẹ ẹ́. Ilé tí mo kó sí, wọ́n ti jẹ férémù ilẹ̀kùn méjì. Ṣùgbọ́n nígbà tí wọ́n dé inú kọnsatínà, ibi tí orúkọ wà nìkan ni ebi ti pa wọ́n.

Àwọn tó mọ iṣẹ́ náà lórí íntánẹ́ẹ̀tì ní kí n má sunkún, nítorí orúkọ tó máa ń wà níbẹ̀ kì í fi gbogbo ìgbà jẹ́ ti ẹni tó ṣe é. Ọ̀pọ̀ oníṣọ́ọ̀bù ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ló ń rà á lọ́wọ́ oníṣẹ́, tí wọ́n á lẹ orúkọ ara wọn mọ́ ọn, tí wọ́n á sì gbé e sójú fèrèsé pé iṣẹ́ ọwọ́ àwọn nìyẹn. Nígbà tí mo gbọ́ èyí, ara tù mí díẹ̀. Mo ti rò pé ilẹ̀ wa nìkan ni a ti ń rán bàtà lónìí tí a ó kọ "Italy" sí gìgísẹ̀ rẹ̀ lọ́la.

Wọ́n wo bí wọ́n ṣe gé ewé orí rẹ̀, wọ́n wo ibi tí nọ́ńbà jókòó sí, wọ́n ní Lachenal ló jọ jù. Louis Lachenal, ọmọ Switzerland, bá Wheatstone ṣiṣẹ́ kó tó dá tirẹ̀ sílẹ̀ ní London. Ó kú ní 1861, Elizabeth ìyàwó rẹ̀ sì gba ìjókòó ọ̀gá, ó darí iṣẹ́ náà títí di 1873. Ilé iṣẹ́ yẹn wá di èyí tó ń ṣe kọnsatínà jù ní gbogbo ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, kó tó pa ilẹ̀kùn dé láàárín àwọn ọdún 1930. Ìyàwó mi gbọ́ pé obìnrin ni ọ̀gá níbẹ̀ rí, ó ní abájọ tí nǹkan náà kò fi bàjẹ́ títí di òní. Mo ní nọ́ńbà tèmi ga ju ti ìgbà obìnrin náà lọ. Ó ní ẹni tó fi ìpìlẹ̀ lélẹ̀ ló kọ́lé.

Ẹ wá gbọ́ orí burúkú. Ìwé àkọsílẹ̀ ìṣòwò Wheatstone ṣì wà. Ó wà ní Horniman Museum, ní gúúsù London, níbi tí wọ́n kó ọgọ́rọ̀ọ̀rún kọnsatínà jọ sí. Bí tèmi bá jẹ́ ti Wheatstone, tí ọdún rẹ̀ sì wà nínú àwọn ìwé tó kù, mà á ka nọ́ńbà rẹ̀ fún wọn, wọ́n á sì ka ọjọ́ tó kúrò ní ṣọ́ọ̀bù fún mi, bóyá wọ́n á tún dárúkọ ẹni tó sanwó. Ti Lachenal kò sí. Wọ́n ti sọnù. Nínú gbogbo àpótí tó sọ̀ kalẹ̀ ní etí odò Lọ́kọ́ja, ti ẹni tí ìwé rẹ̀ sọnù ni bàbá bàbá mi lọ gbé wálé.

Mo ti fẹ́ fi ibẹ̀ sílẹ̀ kí n tó ka ohun mìíràn nípa Horniman yìí. Ní oṣù November 2022, àwọn ló fa ìní ohun 72 padà lé Nàìjíríà lọ́wọ́, ohun tí àwọn ọmọ ogun Gẹ̀ẹ́sì kó ní ìlú Benin ní 1897. Àwo idẹ tí wọ́n rọ àwòrán sí wà nínú rẹ̀, àkùkọ idẹ wà níbẹ̀, kọ́kọ́rọ́ ààfin wà níbẹ̀. A mọ̀ pé ẹgbẹ́ àwọn arọdẹ Igun ló ń rọ idẹ fún Ọba Benin. Ẹgbẹ́ ni a mọ̀. Ọwọ́ wo nínú ẹgbẹ́ náà ló rọ àkùkọ yẹn, kò sí nínú ìwé. Ẹ bá mi rò ó o. Nínú ilé kan náà, ẹni tó lọ ra àpótí orin ní ọ̀sán ọjọ́ kan ní London ní orúkọ àti ọjọ́. Ẹni tó rọ àkùkọ fún ọba kò ní.

Ìgbà yẹn ni mo tún gbé kọnsatínà tèmi wò, inú sì bẹ̀rẹ̀ sí í bí mi dáadáa.

Nítorí kì í ṣe gbogbo rẹ̀ ni London ṣe. Nínú awọ tí wọ́n ṣẹ́ léra wọn yẹn, apá kan kì í ṣe awọ Òyìnbó. Awọ ewúrẹ́ ni, wọ́n fá a títí ó fi rọ̀, wọ́n sì fi okùn aránbàtà rán an ní ìrán tó sún mọ́ra débi pé afẹ́fẹ́ kò ríbi jáde. Bọ́tìnnì kan wà lápá òsì tí kì í ṣe egungun, ìwo màlúù ni, wọ́n họ ọ́ kó bá àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ dọ́gba. Nínú àwọn ahọ́n 40 sì ni ọ̀kan wà tí àwọ̀ rẹ̀ yàtọ̀: irin inú agogo ògiri ni, wọ́n gé e, wọ́n fi fáìlì họ ọ́, wọ́n dè é mọ́ férémù idẹ ti London. Ẹ tẹ bọ́tìnnì rẹ̀ wò. Àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ láti òkè òkun ti ha lóhùn, òun ń ké ketekete.

Ẹnì kan nítòsí ibí ló ṣe èyí. Kò rí ilé-ìwé kọnsatínà lọ, bóyá òun gan-an kò rí irú rẹ̀ rí kí bàbá bàbá mi tó gbé e kò ó lójú. Ó ṣí i, ó gbọ́ ohùn tó kú, ó wá irin tí ohùn náà yóò ti jíǹde, ó sì gbọ́ ọ ní etí ara rẹ̀ nígbà tó pé. Mo wá ké sí ẹbí. Mo ní ẹ̀yin tí ẹ mọ Crowther, ẹ̀yin tí ẹ mọ sójà Lugard, ta ló tún àpótí yìí ṣe? Kẹ́kẹ́ pa. Ìyá dákẹ́. Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi ń wo fóònù. Ẹ̀gbọ́n bàbá mi ló gbìyànjú, wọ́n ní, "Haà, ọ̀gá kan báyìí wà nígbà náà tó máa ń tún nǹkan ṣe." Mo ní alágbẹ̀dẹ ni àbí aránbàtà? Wọ́n ní àwọn kò rántí. Mo ní báwo ló ṣe rí? Wọ́n ronú títí, wọ́n ní, "Ó dúdú." Bàbá, gbogbo wa la dúdú.

Ẹ wo ibi tí mo ti ń sọ̀rọ̀ yìí. Orí òkè Àgbájà ni, ibùjókòó Olú Ọ̀wọ́rọ̀, irin ni òkè náà. Ilé-iṣẹ́ kan láti Australia, Kogi Iron, gbẹ́ ihò kiri apá kan òkè wa, wọ́n sì kéde pé òkúta irin tó wà níbẹ̀ tó 586 mílíọ̀nù tọ́ọ̀nù, pé irin inú rẹ̀ ju 40 lọ nínú 100. Ilé-iṣẹ́ irin Ajaokuta, tí ìjọba dá sílẹ̀ ní 1979 láti máa rọ irin fún gbogbo Nàìjíríà, wà ní ìsàlẹ̀ odò wa níbẹ̀ yẹn, ó ń dúró de ọjọ́ tí yóò ṣiṣẹ́ délẹ̀. Ẹ̀rọ tí wọ́n kó síbẹ̀ ní orúkọ, ìwé àdéhùn rẹ̀ ní orúkọ, àwọn mínísítà tó bẹ̀ ẹ́ wò ní orúkọ. A mọ iye irin tó wà lábẹ́ ẹsẹ̀ mi. Ọkùnrin tó mú irin tí kò tó ìka ọmọdé, tó họ ọ́ títí ó fi kọrin, tí orin náà kò sì tíì dákẹ́ títí di òní, òun nìkan ni kò sí nínú ìwé.

Ẹ má sì sọ fún mi pé àwa kò ní ìwé nígbà náà. Ọlọ́wẹ̀ ará Ìsẹ̀ ní ilẹ̀ Èkìtì kò kọ orúkọ sára ilẹ̀kùn tó gbẹ́ fún ààfin Ògògà ti Ìkẹ́rẹ́. Wọ́n gbé ilẹ̀kùn náà lọ sí ìpàtẹ ńlá tó wáyé ní Wembley ní 1924, gbogbo ayé wò ó, British Museum sì fẹ́ ẹ. Ògògà kò tà á; ìtẹ́ tí wọ́n ṣe ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ló gbà dípò rẹ̀. Gbogbo ẹni tó yẹ ilẹ̀kùn náà wò ní Wembley, iṣẹ́ ni wọ́n rí, wọn kò mọ oníṣẹ́. Ọlọ́wẹ̀ kú ní 1938. Ní 1988, onímọ̀ ará Amẹ́ríkà kan, John Pemberton, dé Ìsẹ̀, ọ̀kan nínú àwọn ìyàwó Ọlọ́wẹ̀ tó ṣì wà láyé sì ki oríkì ọkọ rẹ̀ fún un, iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ wà nínú rẹ̀. Àádọ́ta ọdún lẹ́yìn ikú rẹ̀! Ìwé Lachenal ní London sọnù. Oríkì Ọlọ́wẹ̀ ní Ìsẹ̀ kò sọnù.

Nítorí náà kì í ṣe pé a kò mọ bí wọ́n ṣe ń pa orúkọ mọ́. Ẹni tí a bá kà kún ni a ń ki. Ẹni tó bá tún nǹkan ṣe fún wa, a ó ná an lọ́jà, a ó bù ú lówó, a ó ní kó ṣe jàrá, a ó sì sọ orúkọ rẹ̀ nù kí a tó délé. Lẹ́yìn náà ni ọmọ-ọmọ wa yóò wá jókòó síta ní ìrọ̀lẹ́ tí wọ́n á máa fi ìbéèrè gba ọrùn rẹ̀.

Ẹjọ́ tí mo dá nìyí, ẹni tí kò bá tẹ́ lọ́rùn kó lọ bá Lugard. Ọwọ́ méjì ló ṣe kọnsatínà yìí. Ọwọ́ kan ní London, tó jọ ti Lachenal. Ọwọ́ kan ní Lọ́kọ́ja tàbí ní ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, tó jí i dìde nígbà tó kú. Ẹni tó bá fẹ́ rà á, tó ń béèrè ìwé ìbí lórí ọwọ́ àkọ́kọ́ tí kò sì béèrè ti ìkejì, kò ní rà á lọ́wọ́ mi. Bí bàbá yín tàbí bàbá bàbá yín bá ṣe iṣẹ́ awọ tàbí iṣẹ́ irin ní etí odò Lọ́kọ́ja láyé àtijọ́, tí wọ́n sì sọ fún yín rí pé àwọn tún àpótí kan tó ń ké ṣe, ẹ jọ̀ọ́, ẹ wá sí Àgbájà, àga wà fún yín.

Ẹ̀yin yòókù tí ẹ kàn fẹ́ béèrè, ẹ lọ bi ara yín léèrè nílé: ta ló kan bẹ́ẹ̀dì tí ẹ ń sùn lé? Ta ló gbẹ́ ìlù tó wà ní ṣọ́ọ̀ṣì yín? Bí ẹ kò bá mọ̀, ẹ pa ẹnu mọ́ lórí kọnsatínà mi. Nígbà míì tí káfíńtà bá gbé iṣẹ́ wá fún yín, kí ẹ tó ná an mọ́ ọn lọ́wọ́, ẹ fún un ní bírò kó kọ orúkọ rẹ̀ àti ọdún sí abẹ́ rẹ̀. Kí ẹ sì kun ún ní oògùn ikán.